Àwọn Àdàbà Bàbá Ọdẹ

Ọkùnrin tó pa erin mọ́kànlá, inú rírun ló pa á. Lọ́jọ́ Ajé, Bàbá Ọdẹ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń jẹ àgbàdo yíyan bó ṣe máa ń ṣe. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́rú, ó ti bì títí kò fi sí ohun tó kù nínú rẹ̀, ó sì ti dákẹ́. Kò ṣàìsàn tẹ́lẹ̀, eyín rẹ̀ sì pé lẹ́nu. Àwọn ará àdúgbò mi orí, wọ́n ní ọwọ́ ayé wà nínú ikú yìí.

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Tíṣà, ló sin ín. Nígbà tí wọ́n ní kó sọ̀rọ̀ nípa bàbá rẹ̀ létí sàréè, ó wúkọ́, ó ní, "Àgbẹ̀ ni bàbá mi. Àgbẹ̀ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú ni." Àwọn arúgbó tó wà níbẹ̀ wo ojú ara wọn. Ìyá rẹ̀ wo ilẹ̀.

Ká má parọ́, ojú ló ń ti Tíṣà. Nígbà tó wà ní kékeré, tí erin bá ya wọ oko tó tẹ gbogbo irè mọ́lẹ̀, bàbá rẹ̀ ni wọ́n máa ń sáré wá pè, èjìká ni wọ́n sì máa ń gbé e bọ̀ wálé. Ayé ti yí báyìí. Erin kò sí mọ́ àyàfi nínú ìwé. Tíṣà fúnra rẹ̀ ló dá ẹgbẹ́ àwọn ọmọ tó ń dáàbò bo ẹranko sílẹ̀ nílé ìwé, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà ló sì máa ń pariwo "Apanirun!" tí bàbá rẹ̀ bá ń kọjá. Bàbá Ọdẹ á kàn máa bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.

Láti ìgbà tó ti gbé ìbọn kọ́, iṣẹ́ kan ṣoṣo tó kù fún un ni kó máa fọ́n àgbàdo fún àwọn àdàbà àgbàlá láràárọ̀. Àpò àgbàdo yíyan tirẹ̀ wà lọ́tọ̀ nínú yàrá ẹrù. Òun àti ọmọ Tíṣà, ọmọdébìnrin ọdún mẹ́fà tí wọ́n ń pè ní Kékeré, ni wọ́n jọ ń jẹ ẹ́; Kékeré ló máa ń lọ bù ú wá. Ìyá àgbà kò ní eyín tó lè fi fọ́ ọ, ìyàwó Tíṣà kò sì fẹ́ràn rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Tíṣà gbọ́ ohùn ọmọ náà lójú fèrèsé. "Bàbá àgbà, ṣé òótọ́ ni pé erin máa ń ṣọ̀fọ̀ òkú?"

"Òótọ́ ni. Mo fojú mi rí i." "Mo rí i, mo sì tún yìnbọn," ni arúgbó náà wí.

Tíṣà gbọ́ ọ, kò ṣàánú rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn àdàbà bẹ̀rẹ̀ sí í já lulẹ̀. Ìyá àgbà ló gba iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ ṣe. Ní kùtùkùtù, Kékeré á bu àgbàdo wá láti inú àpò bàbá àgbà rẹ̀ ní yàrá ẹrù, ìyá àgbà á jókòó sórí àpótí ìjókòó olóògbé, á bu díẹ̀ sọ́wọ́ ọmọ, á máa fọ́n ìyókù, á máa bá àwọn ẹyẹ sọ̀rọ̀. "Ẹ jẹun o. Ẹni yín ti lọ, ó fi gbogbo wa sílẹ̀." Aláránṣọ tó ń gbé lódìkejì rí i láti ojú fèrèsé rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, nígbà tí ilẹ̀ fi máa ṣú, ẹyẹ méje ti kú sábẹ́ òrùlé.

Ẹ̀yìnkùlé aláránṣọ ni àwọn obìnrin àdúgbò ti ṣèpàdé lọ́jọ́ kejì. Wọ́n fi ìyàwó Tíṣà sáàárín.

"Ta ló ń bá ẹyẹ sọ̀rọ̀ láàárọ̀ kùtù?" ni aláránṣọ wí. "Ọkọ kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, orí ò fọ́ ọ. Ìwọ ṣáà máa wò."

"Màámi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀," ni ìyàwó Tíṣà dáhùn.

Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ náà ni Kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Nọ́ọ̀sì dá a dúró sí ilé ìwòsàn, ó ní, "Bí a ò bá mọ ohun tó jẹ, mi ò mọ ohun tí mo máa fún un. Ẹ tètè wádìí o."

Ìyàwó Tíṣà kò wádìí nǹkan kan. Ó sáré wálé. "Bàbá Kékeré, ìyá yín ò ní sun inú ilé yìí lónìí."

"Ṣé orí ẹ pé ṣá? Ìyá mi?"

"Bàbá lọ, ẹyẹ ń kú, ọmọ mi ń kú lọ. Ìyá yín nìkan ni nǹkan kan ò ṣe! Ẹ ṣàlàyé fún mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé."

Tíṣà tó máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé kò sí ohun tó ń jẹ́ àjẹ́ kò rí àlàyé kankan ṣe. Ẹ̀rù bà á. Òun fúnra rẹ̀ ló di aṣọ ìyá tó bí i, ó sì gbé e dé ẹnu géètì.

"Ẹ lọ sọ́dọ̀ àbúrò yín fúngbà díẹ̀, Màámi."

Ìyá rẹ̀ kò bá a jà. "Mo ń lọ. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mú dání: awọ ẹkùn tí bàbá rẹ gbé wá fún mi nígbà tó ń fẹ́ mi sọ́nà. O ní o ti kó gbogbo awọ inú pálọ̀ lọ fún àwọn tó ń tún un ṣe. Ṣé wọ́n ti tún un ṣe?"

Ojú ti Tíṣà. Ní oṣù tó kọjá, àwọn olùbẹ̀wò ilé ìwé fẹ́ wá kí i nílé, kò sì fẹ́ kí wọ́n rí awọ lára ògiri. "Irọ́ ni mo pa, Màámi. Wọ́n wà nínú yàrá ẹrù."

"Níbo nínú yàrá ẹrù?"

"Lórí àpò àgbàdo Bàbá."

Ẹrù já bọ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. "Yéè! Lúbúlúbú funfun tó wà lẹ́yìn awọ yẹn, májèlé ni! Òun ni kì í jẹ́ kí kòkòrò jẹ ẹ́. Tí bàbá rẹ bá ti fi pa awọ lára, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló ń fọwọ́. Kì í jẹ́ kí wọ́n gbé awọ súnmọ́ oúnjẹ láéláé!" Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ọwọ́ yìí ni mo fi ń bu àgbàdo náà sọ́wọ́ ọmọ."

Wọ́n sáré dé ilé ìwòsàn. Ìyàwó Tíṣà àti aláránṣọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Nọ́ọ̀sì gbọ́ nípa májèlé náà, ó ti ń wá oògùn tó máa pa oró rẹ̀, ló bá bi wọ́n pé, "Ta ló tiẹ̀ kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lé oúnjẹ?"

"Èmi ni," ni ìyá àgbà yára dáhùn. "Ogbó ló dé. Mi ò rántí mọ́."

"Mo wí!" ni aláránṣọ wí.

Tíṣà ya ẹnu, ó tún pa á dé. Ó dákẹ́, ó dákẹ́ pẹ́ ju bó ṣe yẹ kí ọmọ dákẹ́ lọ. Ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n jọ kó awọ náà wọ yàrá ẹrù, ń wò ó. Ọmọ rẹ̀ ń mí lókè lókè.

"Irọ́ ni," ló wí níkẹyìn. "Èmi ni."

Kékeré yè. Ìyá àgbà ní òun ti dárí ji gbogbo wọn, ṣùgbọ́n kò padà wálé. Ẹrù rẹ̀ wà nílé àbúrò rẹ̀ títí dòní.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, lásìkò tí ilé ìwé ń jáde, Tíṣà gbẹ́ kòtò sẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè bàbá rẹ̀, ó kó awọ náà sínú rẹ̀. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ẹranko dúró wò ó.

"Sà, kí lẹ̀ ń sin?"

"Awọ ẹran tí bàbá mi pa. Ọdẹ erin ni bàbá mi, kì í ṣe àgbẹ̀. Ojú rẹ̀ ń tì mí tẹ́lẹ̀." Ó nu òógùn ojú. "Èmi ni mo pa bàbá mi."

Kò sẹ́ni tó pariwo Apanirun lọ́jọ́ náà.