Àforíjì Tí Ìbídùnní Kò Tọrọ

Níbi ìpàdé àwọn ọ̀dọ́ ìjọ kan ní Life Camp, àdúgbò kan ní olú ìlú wa, ni Adébíyì ti kọ́kọ́ rí Ìbídùnní. Ó bi í léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe, Ìbídùnní ní bàálù ni òun ń wà. Adébíyì rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Ìgbà tó rí i pé ọmọbìnrin náà kò bá òun rẹ́rìn-ín ló ní kó dárí jì òun, kó sì sọ bó ṣe ń rí lókè lọ́hùn-ún fún òun. Wọ́n jókòó síbẹ̀ títí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì fi ní kí wọ́n máa lọ.

Ọdún 2016 nìyẹn. Kí ọdún tó yí po, Adébíyì ti fi òrùka sí i lọ́wọ́. "Olólùfẹ́ mi" ló ń pè é, àní lójú àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, inú Ìbídùnní a sì máa dùn ṣìnkìn. Bàbá Adébíyì nìkan ni ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ọlábímtán, ọ̀gá àgbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, gbà pé iṣẹ́ ọkùnrin ni iṣẹ́ òfurufú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú oṣù kẹrin, tí òjò ń ṣú, Ọ̀gbẹ́ni Ọlábímtán wọ bàálù tó ń lọ sí Èkó. Ìbídùnní ló máa gbé e gbéra. Bánjọ, ọ̀gá rẹ̀, jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn, Ìbídùnní jáde wá, ó kúnlẹ̀ kí bàbá àfẹ́sọ́nà rẹ̀ níbi tó jókòó sí.

Bàálù sáré, ó gbé imú sókè, táyà kúrò nílẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó ń bọ̀ láti iwájú, tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ láti gòkè, ṣàdéédé yí padà, ó ń ti wọ́n láti ẹ̀yìn. Eré bàálù já wálẹ̀, ó sì fẹ́ máa rì lọ sórí igbó tó wà níwájú. Ẹ̀rọ ń ké ìkìlọ̀. Ìbídùnní ti agbára ẹ́ńjìnnì dé òpin, ó gbé imú bàálù dé ibi tí wọ́n kọ́ ọ pé kó gbé e dé, ó dì í mú níbẹ̀. Wọn kò fọwọ́ kan táyà, nítorí kíká a wọlé nírú àkókò yẹn tún lè fà wọ́n sẹ́yìn. Bánjọ ń pe bí wọ́n ṣe ga tó fún un. Nígbà tó yá, bàálù bọ́ lọ́wọ́ afẹ́fẹ́ náà, ó gòkè.

Wọ́n gúnlẹ̀ sí Èkó láìfarapa. Bánjọ sì sọ fún ilé iṣẹ́ wọn pé Ìbídùnní ló gba gbogbo àwọn là.

Ohun tí Ọ̀gbẹ́ni Ọlábímtán gbé padà wálé yàtọ̀. Ó ń sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń sọ ọ́ fún ẹbí, pé obìnrin fẹ́rẹ̀ẹ́ pa òun, pé ọwọ́ rẹ̀ ló gbọ̀n. Ó ránṣẹ́ pè é: kó wá tọrọ àforíjì, kó sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ kí ìgbéyàwó tó wáyé.

Ìbídùnní lọ. Ó kúnlẹ̀, ó kí i. Ó rọra ṣàlàyé ohun tí afẹ́fẹ́ náà ṣe àti ohun tí òun ṣe sí i. Bàbá náà ní òun ò wá kẹ́kọ̀ọ́, àforíjì ni òun fẹ́ gbọ́. Ìbídùnní yíjú sí Adébíyì, ẹni tó ti bá Bánjọ fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀, tó sì mọ òtítọ́.

Adébíyì ń wo ilẹ̀. "Olólùfẹ́ mi, ṣáà bẹ Dádì. Ọ̀rọ̀ á tán síbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ bàbá kò dun Ìbídùnní tó èyí. Ó dìde.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi. Ẹ wà lára àwọn tí mo gbé gòkè lọ́jọ́ yẹn. Mi ò lè tọrọ àforíjì pé ẹ ò kú."

Ó bọ́ òrùka, ó fi í lé Adébíyì lọ́wọ́, ó jáde.

Adébíyì sáré bá a dé géètì. Ó ní kó ṣe sùúrù, pé òun fẹ́ràn rẹ̀, pé òun á bá bàbá òun sọ̀rọ̀ tí inú rẹ̀ bá rọ̀.

"Mo mọ̀ pé o fẹ́ràn mi," ni Ìbídùnní wí. "Ṣùgbọ́n o mọ òtítọ́, o jókòó tì í, o panu mọ́. Irú ọkọ wo nìyẹn?"

Adébíyì bojú wẹ̀yìn wo ilé.

Ìbídùnní dá takisí dúró, ó ní kó gbé òun lọ sílé òun ní Jahi. Inú bàbá ń bí i, inú ọmọ ń bí i. Ṣùgbọ́n èyí tó bí i nínú jù ni pé, bí takisí ti ń yà kúrò ní àdúgbò náà, òun fúnra rẹ̀ ṣì ń wẹ̀yìn, bóyá ọkùnrin náà á sáré tẹ̀lé e. Adébíyì dúró sí géètì, òrùka lọ́wọ́.