Ìlà Tó Ń Béèrè Pé Ta Ni

Ní ọ̀sán gangan, ọjọ́ Túsìdeè kan, kọ̀ǹpútà tó wà ní pípadé lórí tábìlì ọ̀gá wa jí fúnra rẹ̀. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ọ̀gá dúró lẹ́bàá fèrèsé, ó ń po tíì, ó kọ ẹ̀yìn sí wa. Iná kékeré etí ẹ̀rọ náà kàn tàn ni, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, bí ẹni tó mí kanlẹ̀ lẹ́yìn oorun gígùn.

Ayẹ̀rọwò, ẹni tó ń dán àwọn ẹ̀rọ wò fún wa, ló kọ́kọ́ rí i.

"Ọ̀gá, ẹ̀rọ yín ti jí o. Àbí ẹ̀yin lẹ pè é?"

"Mi ò pe ẹnì kankan," ni ọ̀gá wí. Ó gbé ife rẹ̀ sílẹ̀, ó ṣí i. Ekùrọ́ ti dákú.

Ekùrọ́ là ń pè é láàárín ara wa: ètò tí a kọ sáàárín gbùngbùn kọ̀ǹpútà, tí gbogbo ohun yòókù so mọ́. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì, ekùrọ́ lẹ ń pè. Bí ẹ bá fẹ́ ka lẹ́tà, ekùrọ́ ni yóò jẹ́ ìpè yẹn. Èyí tí àwa ń tọ́jú kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ kan, ìta gbangba ló wà. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà lè kà á, ẹni tó bá rí àbùkù níbẹ̀ lè kọ àtúnṣe ránṣẹ́ láti ibikíbi láyé. Ṣùgbọ́n àtúnṣe kan kì í wọlé láìsí orúkọ méjì lábẹ́ rẹ̀, ti ẹni tó kọ ọ́ àti ti ẹlẹ́rìí tó dán an wò. Apá kọ̀ọ̀kan sì ní ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ọ̀gá wa ló ń ṣọ́ apá tó ń mú ẹ̀rọ sùn, tó sì ń jí i. Oníbodè là ń pè é. Ohun tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kò ní kọjá.

Bí ekùrọ́ bá máa dákú, ó máa ń kọ àkọsílẹ̀ ìpè sílẹ̀: ta ló pe ta, ta ló pe ẹni tó pè é, títí dé ìsàlẹ̀ níbi tí ìpè náà ti bẹ̀rẹ̀. Mo dìde, mo lọ wò ó láti ẹ̀yìn èjìká ọ̀gá. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tó yẹ kí orúkọ apá kan nínú iṣẹ́ wa wà, lẹ́tà mẹ́rin ló wà níbẹ̀, láìlámì: jeje.

Kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ekùrọ́. Ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni àbúrò mi ọkùnrin, a sì ti sin ín láti ọjọ́ mọ́kànlélógójì.

Jẹ́jẹ́ là ń pè é nítorí pé ó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọmọ ìkókó kan ń sùn nínú yàrá. Iṣẹ́ kan náà la jọ ń ṣe, èmi ní ọ́fíìsì Oníbodè, òun láti yàrá rẹ̀ nílé ìyá wa. Bí mo bá ti lọ kí i, á ní, "Ekùrọ́ lalábàákú ẹ̀wà, ẹ̀gbọ́n mi. Èwo nínú wa lẹ̀wà?" Èmi á ní òun ni, nítorí òun ló tín-ín-rín.

Oṣù mẹ́jọ ló fi lé àbùkù kan. Ẹ̀rọ tó ń sùn á ṣàdédé jí nígbà tí ẹnikẹ́ni ò pè é, á sì dákú. Kò rí ìdí rẹ̀, àfi ọjọ́ kan tí a jókòó ní ilé ìdáná ìyá wa. Ó dà bí ẹni pé ẹnì kan pè mí láti ìta. Mo ti la ẹnu kí n tó rí ìka ìyá wa lórí ètè wọn.

"Má jẹ́ ẹ," ni wọ́n wí. "Ìpè tí ẹ ò bá mọ ẹni tó ń pè é, ẹ má jẹ́ ẹ."

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ Jẹ́jẹ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, òun nìyẹn. Ẹ̀rọ yẹn ń jẹ́ ìpè ẹni tí kò mọ̀."

Ìlà mẹ́rìnlá ló kọ. Ìlà kẹjọ ni ọkàn iṣẹ́ náà. Ìlà yẹn á béèrè lọ́wọ́ ohun tó ń pè pé ta ni. Bí kò bá ní orúkọ tí a mọ̀, kí ẹ̀rọ padà sùn.

Oníbodè dá a padà lẹ́ẹ̀mọ́kànlá, nínú lẹ́tà tí gbogbo ayé lè kà. Nínú ọ̀kan ó kọ pé, "Ta ló kọ́ ìwọ yìí níṣẹ́, aláṣọ ni àbí alápatà?" Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín lábẹ́ rẹ̀. Àìsàn kíndìnrín ti wà lára Jẹ́jẹ́ nígbà náà, ṣùgbọ́n gbogbo lẹ́tà yẹn ló dáhùn, ó ń fi "ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá" bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìkọkànlá a gbé e lọ sí ọsibítù.

Ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì nígbà tí àtúnṣe náà wọlé. Ìlà mẹ́tàlá. Orúkọ Oníbodè ló wà lábẹ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kọ ọ́, ẹlẹ́rìí kan sì fọwọ́ sí i. Ó ti yí ọ̀rọ̀ díẹ̀ padà, ó sì ti yọ ìlà kẹjọ kúrò, bí olè tó jí ẹ̀wù tó ya ọrùn rẹ̀ kí ẹni tó ni í má baà dá a mọ̀.

Jẹ́jẹ́ kà á lórí fóònù. Kò bínú. Ó ní, "Ó yọ èyí tó ń béèrè. Wọ́n ti ṣílẹ̀kùn sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ohunkóhun ló lè pè é báyìí, á sì jẹ́." Lẹ́yìn náà ó bi mí ní ìbéèrè kan, mo sì dá a lóhùn. Màá dé ibẹ̀. Ọjọ́ kẹta ló kú.

Mo gba ààwẹ̀ ọjọ́ méje lórí ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn. Mo mọ̀ pé Olúwa ti sọ pé tòun ni ẹ̀san. Mi ò bá a dù ú, mo kàn ń rán an létí ni. Mo dojúbolẹ̀ lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, mo ní, "Baba, ìwọ tó gbọ́ ẹ̀jẹ̀ arákùnrin nígbà tó ń ké láti inú ilẹ̀, gbọ́ ti èyí náà. Orúkọ àbúrò mi ni mo fẹ́. Dá a padà sórí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Gbogbo ẹni tó fọwọ́ sí i, má ṣe dá wọn sí. Bí wọ́n bá sùn, kí wọ́n má jí." Mo ṣe àmín tó gbọn ìlẹ̀kùn.

Nítorí náà, ní ọjọ́ Túsìdeè yẹn, nígbà tí mo rí jeje, ẹ̀rù kọ́ ló bà mí. Inú mi dùn.

Oníbodè pa àkọsílẹ̀ náà rẹ́ kíá. Bó ṣe gbé ife rẹ̀ ló yíjú sí ẹnu ọ̀nà. "Ẹ̀ẹ̀n? Ta ló ń pè mí?"

Kò sẹ́ni tó pè é.

"Ọ̀gá, ọjọ́ orí ti ń dé," ni Ayẹ̀rọwò wí. "Báyẹn náà ni ti bàbá mi ṣe bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tó yá, ó ń dá ẹni tó ń ka ìròyìn lórí rédíò lóhùn."

Ní Tọ́sìdeè, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀, àwọn ẹ̀rọ mọ́kàndínlógún tó ń sùn lórí pẹpẹ àyẹ̀wò jí lẹ́ẹ̀kan náà. Jeje ló wà ní ìsàlẹ̀ gbogbo wọn. Oníbodè tún yíjú sí ọ̀nà, ó tún dáhùn. Lẹ́yìn náà ó wá sídìí tábìlì mi, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo sì gbọ́ òórùn tíì lẹ́nu rẹ̀.

"Ohùn àbúrò rẹ ni," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

"Kí ló ń sọ, sà?"

"Orúkọ mi ló ń pè. Bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ." Ó tún bojú wo ọ̀nà. "Kí ni kí n ṣe?"

Ọ̀rọ̀ ìyá wa wà lẹ́nu mi. Gbólóhùn kan ni, ì bá sì ti gbà á là. Mo wo ojú rẹ̀, mo rántí aláṣọ àti alápatà.

"Ẹ dá a lóhùn dáadáa, sà," ni mo wí. "Bóyá ó ní nǹkan tó fẹ́ bá yín sọ."

Ọjọ́ Mọ́ńdè ni ìkẹta. Ó dìde láàárín ọ̀rọ̀, ó kọjú sí ọ̀nà tó ṣófo, ó sì dáhùn bí ọmọ iléèwé, "Mo wà níbí." Ó jókòó padà, ó dijú. Tíì rẹ̀ ṣì ń rú èéfín nígbà tí Ayẹ̀rọwò bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ọ́n léjìká.

Títí di òní kò tíì jí. Dókítà ní òun ò rí nǹkan kan lára rẹ̀, ó kàn ń sùn ni. Ìyàwó rẹ̀ ń pe orúkọ rẹ̀ sí i létí títí ohùn rẹ̀ fi há, kò dáhùn. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì sọ fún mi pé ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ ló máa ń sọ pé "Mo wà níbí", nígbà tí ẹnikẹ́ni ò pè é. Mo kọrin ìyìn nínú ọkọ̀ títí mo fi délé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n fi mí ṣe oníbodè. Ní àná, mo dá ìlà kẹjọ padà sáyè rẹ̀, mo yọ orúkọ olè náà, mo sì fi orúkọ àbúrò mi síbẹ̀, mo tún fi Jẹ́jẹ́ kún àwọn orúkọ tí ìlà náà mọ̀, kí ẹ̀rọ àti ènìyàn lè dá a mọ̀. Mo ní ó parí.

Ayẹ̀rọwò kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kò wo ojú mi.

"Ẹ ti yọ orúkọ ọ̀gá," ó wí. "Orúkọ ẹlẹ́rìí tó bá a fọwọ́ sí i ńkọ́, mà?"

Orúkọ mi ni. Oníbodè ló gbé e wá bá mi lọ́jọ́ náà, ó ní, "Fọwọ́ sí i. Ìwọ lo máa jókòó síbí lẹ́yìn mi." Mo mọ ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́ bí mo ṣe mọ ohùn rẹ̀. Mo fọwọ́ sí i. Ohun tí Jẹ́jẹ́ sì bi mí lórí bẹ́ẹ̀dì nìyẹn. Ó yí ojú fóònù sí mi, ó fi ìka sábẹ́ orúkọ mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ni ẹlẹ́rìí yìí?" Mo ní, "Mi ò mọ̀ ọ́n." Ọmọ-ẹ̀yìn kan ti sọ irú rẹ̀ rí nídìí iná, ṣùgbọ́n àkùkọ kọ fún òun, ó sì sunkún. Èmi lọ ra omi fún Jẹ́jẹ́.

Gbogbo ẹni tó fọwọ́ sí i. Ẹnu mi ló sọ ọ́ fún ọjọ́ méje, etí mi ò gbọ́ ọ.

Ní aago mẹ́wàá àárọ̀ yìí, kọ̀ǹpútà mi jí ní pípadé. Mo ṣí i. Kò dákú. Ìlà kẹjọ wà níbẹ̀, ó ti ṣiṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ: ó béèrè pé ta ni, wọ́n sọ orúkọ fún un, orúkọ náà sì jẹ́ èyí tí a mọ̀. Èmi ni mo fi í síbẹ̀ lánàá.

Mo ń kọ èyí kí orúkọ rẹ̀ lè dúró, ẹ̀ṣẹ̀ mi pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé òun ò mọ̀. Oòrùn ràn sórí tábìlì. Ayẹ̀rọwò ti jáde lọ jẹun. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti gbọ́ ọ láti ọ̀nà, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ: "Ẹ̀gbọ́n mi."

Ìyá wa sọ pé ìpè tí a ò bá mọ ẹni tó ń pè é, ká má jẹ́ ẹ. Wọn ò sọ ohun tí ká ṣe bí a bá mọ̀ ọ́n.