Ẹni Tó Wà Lẹ́yìn Jẹ́jẹ́

Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé Jẹ́jẹ́ ti rí owó he. Ohun tí wọn ò mọ̀ ni ìdí tó fi ń rìn bí ẹni tó pọn ọmọ sẹ́yìn. Awakọ̀ ilé ìwòsàn tí kò ní táyà kan lórúkọ ara rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti wá di ọ̀gá tó ni ọkọ̀ rẹpẹtẹ. Bàtà rẹ̀ ń dún kokoko. Síbẹ̀, tó bá jókòó, kì í fẹ̀yìn ti àga. Ó ní nǹkan kan wà níbẹ̀ tó ń mí.

Iṣẹ́ tó ń ṣe tẹ́lẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ yẹpẹrẹ. Tí eegun ẹ̀yìn ẹnìkan bá dá, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kú, àwọn dókítà á fa mùdùnmúdùn díẹ̀ nínú eegun ìbàdí rẹ̀. Wọ́n á fi sin sẹ́ẹ̀lì tuntun, irúgbìn ara tó ń hù, wọ́n á dì í sínú ìgò kékeré. Jẹ́jẹ́ ló ń gbé ìgò náà lọ nínú àgbá tó ń rú èéfín òtútù, kí wọ́n lè gún un padà sẹ́yìn ẹni tó ni ín. Ó máa ń rọra wakọ̀ kí àgbá má baà mì. Ibẹ̀ ni orúkọ ìnagijẹ rẹ̀ ti wá.

Bíríkìlà kan wà tó já bọ́ láti orí òrùlé. Nínú gbogbo èyí tí wọ́n sìn fún un, ìgò kan péré ló yè. Nígbà tí Jẹ́jẹ́ yà kí i lórí bẹ́ẹ̀dì, ọkùnrin náà di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Jẹ́jẹ́, ọwọ́ ẹ ni ẹsẹ̀ mi wà o."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Bí ẹyin ni màá ṣe gbé e."

Irọ́ burúkú! Ó ti ṣèlérí ìgò náà fún Bàbá Tútù, adáhunṣe tó ń ṣoògùn owó, tó ń gbé nínú yàrá dídì kan tí wọ́n ń kó ẹja sí nígbà kan rí. Oòrùn ọ̀sán ń jó níta, ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀kùn irin pa dé, Jẹ́jẹ́ ò rí ọwọ́ ara rẹ̀ mọ́. Òórùn ẹja àtijọ́ gba imú rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù.

"O mú un wá?"

"Mo mú un wá, Bàbá. Omi iyọ̀ ni mo fi rọ́pò ẹ̀."

"Káre. Àwọn adáhunṣe tó kù ń wá ẹ̀jẹ̀ kiri. Èyí tó ṣì ń hù lọ́wọ́ lèmi fẹ́." Ohùn náà ti dé etí rẹ̀. "Ta ló wà lẹ́yìn ẹ?"

Jẹ́jẹ́ rò pé alátìlẹ́yìn ló ń béèrè. Ó rántí gbogbo ẹni tó ti bẹ̀ fún ìrànlọ́wọ́ rí tí wọn ò dá a lóhùn, inú bí i.

"Kò sẹ́nì kankan lẹ́yìn mi, Bàbá."

Bàbá Tútù rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "Ó dáa. A ó fi ẹnìkan síbẹ̀."

Ó da ìgò náà sí i lẹ́yìn, ó ń fi èékánná kan fà á lọ láti ọrùn dé ìbàdí.

"Ara tó ń hù, wá ẹ̀yìn gùn. Ọ̀pá tó dá, wá ibi fara tì. Ẹni tí kò lẹ́yìn rèé. Gùn ún!"

Òtútù wọ inú eegun rẹ̀. Nǹkan dún níbẹ̀: kẹ́, kẹ́, kẹ́.

Lóòótọ́, owó dé. Ṣùgbọ́n omi iyọ̀ ni wọ́n gún fún bíríkìlà. Ó retí títí, ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ò mì, wọ́n bá gbé e lọ sílé.

Ẹrù ẹ̀yìn Jẹ́jẹ́ sì ń wúwo sí i. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń wẹ̀, ó na kànìnkànìn sẹ́yìn, ọwọ́ kan gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ náà le, ó rí gbágungbàgun, sìmẹ́ǹtì ti gbẹ mọ́ èékánná rẹ̀.

Jẹ́jẹ́ ké, ó sáré lọ gbá ilẹ̀kùn irin. "Bàbá! Ẹ gbé e kúrò, ẹ jọ̀ọ́!"

"Ìwọ lo ní kò sẹ́nì kankan," Bàbá Tútù dáhùn látinú. "Ó ti wá wà báyìí. Kí lo tún ń fẹ́?"

Kó tó dáhùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ yí padà fúnra wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, kì í sì í ṣe ìrìn Jẹ́jẹ́. Ìrìn ẹni tó ń tọ orí òrùlé ni, tó ń dán ilẹ̀ wò kó tó tẹ̀ ẹ́. Wọ́n gbé e kọjá títì, ó di àgbàlá bíríkìlà.

Ìyàwó bíríkìlà ń sá aṣọ. Ó wo ojú Jẹ́jẹ́. Ó wá gbójú sókè, ó wo òkè èjìká rẹ̀. Aṣọ tútù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, olówó orí mi," ó ní. "Ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ara yín ń retí yín nínú ilé."

Orúnkún méjì fún ìhà Jẹ́jẹ́ pọ̀. Eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ń tú lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí èèyàn ń tú bọ́tìnnì: kẹ́, kẹ́, kẹ́. Ẹni náà sọ̀ kalẹ̀, ó sì mú ohun tó tú lọ. Ẹsẹ̀ tútù ń dún wọnú ilé. Bẹ́ẹ̀dì kan dún, ọkùnrin kan pariwo látinú yàrá:

"Ìyá ọmọ mi! Ẹsẹ̀ mi!"

Jẹ́jẹ́ ti dojú bolẹ̀ nínú omi aṣọ. Kò mọ̀ pé òun ní ẹsẹ̀ mọ́.

Ilé ìwòsàn kan náà ni wọ́n gbé e lọ, orí bẹ́ẹ̀dì tí bíríkìlà dùbúlẹ̀ sí. Nọ́ọ̀sì tún ìrọ̀rí rẹ̀ ṣe. Ó fẹ́ mọ ẹni tí yóò máa gbé e, tí yóò máa wẹ̀ ẹ́.

"Ta ló wà lẹ́yìn yín, ọ̀gá?"

Ìdáhùn àtijọ́ sáré dé orí ahọ́n Jẹ́jẹ́. Ẹ̀rù bà á, ó fi eyín di ahọ́n náà mú. Ó deyín mọ́ ọn títí ẹ̀jẹ̀ fi ń kán sórí ìrọ̀rí.

Nọ́ọ̀sì náà rò pé kò gbọ́ ni. Ó tún bi í.