Ọtí Kíkan Nínú Pàkúté Agbọ́n

“Má gbàgbé ọtí kíkan, Arvid. Àwọn oyin ò ṣẹ̀ wá.”

Ọ̀rọ̀ tí Verna sọ kẹ́yìn fún ọkọ rẹ̀ nìyẹn, lórí ibùsùn ilé ìwòsàn, ní Oṣù Kẹrin, nígbà tí yìnyín ṣì wà lórí òrùlé. Ó pa ojú dé, kò là á mọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ní ẹ̀yìnkùlé wọn, ní àríwá Míṣígánì, kì í ṣe àhesọ. Ẹni mẹ́rin ló fojú rí lára rẹ̀, kò sì sí òpùrọ́ nínú wọn. Èyí tí Arvid Lahti nìkan rí, bó ṣe rí i gan-an la kọ síbí.

Agbọ́n ni Verna ń sọ. Àwọn kékeré oníla dúdú àti yẹ́lò wọ̀nyẹn, tí í kọ́lé sínú ilẹ̀. Lọ́dọọdún, bí yìnyín bá ti ń yọ́, Verna á so pàkúté mẹ́rin kọ́ láti mú àwọn ìyá agbọ́n kí wọ́n tó kọ́lé. Ìyá kan tó bá kó sínú rẹ̀, ilé kan ló dín. Ìgò ike lásán ni pàkúté náà. Ó máa ń gé orí ìgò kúrò, á dojú rẹ̀ dé inú ìgò bí àrọ tí a fi ń rọ epo. Agbọ́n á wọlé, kò ní mọ ọ̀nà àbájáde. Omi ápù ló ń wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ọṣẹ díẹ̀ àti ọtí kíkan. Ọtí kíkan náà ni kì í jẹ́ kí oyin sún mọ́ ọn.

Lọ́dún yìí, Arvid ò so nǹkan kan. Ìgbà tí àwọn ìyá agbọ́n ń wá ihò, aṣọ tí wọ́n máa wọ̀ fún òkú ìyàwó rẹ̀ lòun ń wá. Épírọ́ọ̀nù búlúù tí Verna fi ń dáná ló mú, olódòdó funfun wẹ́wẹ́, èyí tí kì í kúrò lára rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló so okùn rẹ̀. Òun náà ló dúró tí wọ́n fi ti pósí wọ inú iná. Eérú rẹ̀ wà nínú agolo lórí pẹpẹ ní kíṣìnnì.

Nígbà tí Oṣù Kẹjọ fi máa parí, agbọ́n ti gba ẹ̀yìnkùlé.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Karin, ọmọ wọn obìnrin, pè é lórí fóònù láti ìlú Duluth.

“Dádì, Sátidé ni ọjọ́ ìbí Mọ́mì. Tilda ní abẹ́ igi ápù la ti máa jẹun, bíi ti tẹ́lẹ̀.”

“Ẹ máa bọ̀.”

“Agbọ́n ńkọ́?”

Arvid wo ojú fèrèsé. “Wọ́n wà.”

“Dádì, ṣé ẹ rántí èṣí?”

Ó rántí. Agbọ́n kan ṣoṣo ló ta Tilda, ọmọ Karin, ẹni ọdún méje. Ọ̀fun rẹ̀ wú, ètè rẹ̀ dúdú. Díẹ̀ ló kù.

“Bí mo bá rí ẹyọ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ yẹn, ilé la máa yíjú sí. Mi ò sì ní mú un wá nígbà ooru mọ́.”

“Mo ti gbọ́.”

Ní Ọjọ́rú ó gé ìgò mẹ́rin. Ó so wọ́n mọ́ ẹ̀ka igi ápù, ọ̀kan lókè igun kọ̀ọ̀kan tábìlì tó wà lábẹ́ rẹ̀. Lójú rẹ̀, ó dà bí ẹ̀ṣọ́ mẹ́rin. Reino Kangas, aládùúgbò rẹ̀ tó ń sin oyin, fara ti ọgbà pẹ̀lú ife kọfí.

“Arvid, ṣé o pè wọ́n wá jẹun ni?”

“Mò ń dẹ wọ́n ni.”

“Tẹ́ ṣíbí fún wọn náà. Ogún ìṣísẹ̀ sí tábìlì ni Verna máa ń so ó, létí igbó lọ́hùn-ún.”

“Ìwọ lo fẹ́ ẹ ni?”

“Ká ní èmi ni, mi ò bá ti gbọ́n jù ẹ́ lọ.”

Arvid rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́. Ṣùgbọ́n kò kó wọn kúrò.

Lọ́sàn-án, agbọ́n ṣú bo tábìlì bí èéfín. Nínú omi ápù, ó rí oyin méje, òkú. Ti Reino ni. Ìgbà yẹn ló rántí. Ó sáré ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Ìgò ọtí kíkan ti gbẹ fúrúfúrú. A kì í sì fọwọ́ kan pàkúté tí oòrùn bá ń ràn. Àárọ̀ kùtù, tí òtútù bá ti mú agbọ́n le, la máa ń tú u. Ó di ọ̀la nìyẹn.

Kùrukùru ti ojú adágún wá ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Arvid wọ kóòtù méjì àti ìbọ̀wọ́. Ó jáde. Ẹyẹ kan ò ké.

Kò sí pàkúté lábẹ́ igi ápù.

Ìrì bo gbogbo koríko, ṣùgbọ́n tábìlì gbẹ. Ẹnì kan ti nù ún.

Ó wo ẹ̀bá igbó. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà níbẹ̀. Ó ka ìṣísẹ̀ rẹ̀ lọ síbẹ̀. Ogún. Òórùn ọtí kíkan pàdé rẹ̀ lọ́nà. Kò sí oyin kankan nínú omi mọ́. Wọn ò lo okùn tirẹ̀. Aṣọ tín-ín-rín ni wọ́n fi so wọ́n, búlúù, olódòdó funfun wẹ́wẹ́. Ó wo bí wọ́n ṣe ta á: ojóbó méjì, tí a ki etí aṣọ bọ abẹ́. Bí Verna ṣe ń ta á.

Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ kan. Ó fọwọ́ kàn án.

Ó gbóná díẹ̀. Bí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lára.

Agbọ́n ń kọjá létí rẹ̀ wọnú ìgò lọ. Wọn ò kùn.

Ó ké sí òdìkejì ọgbà: “Reino, ìwọ lo kó wọn?”

“Kó kí ni? Pẹ̀lú ẹ̀yìn tó ń dùn mí yìí?” Reino súnmọ́ ọn. Ó wà níbi ìsìnkú Verna, ó mọ aṣọ yẹn. Ó wò ó títí. Ó ṣí fìlà. “Kọfí wà lórí iná,” ló sọ. “Wá mu.”

Ní Sátidé, Karin tẹ́ tábìlì: ẹja yíyan, búrẹ́dì tí a dì bí irun, jáàmù. Reino gbé oyin inú afárá wá. Gbogbo ohun tí agbọ́n fẹ́ràn ló wà níbẹ̀. Karin gbé abẹ́rẹ́ tí wọ́n máa gún Tilda bí agbọ́n bá ta á lé itan. Wákàtí kan kọjá. Ẹyọ agbọ́n kan ò wá. Ó dá abẹ́rẹ́ padà sínú báàgì.

“Dádì, kí lẹ ṣe sí wọn?”

“Ìyá ẹ ló mọ̀ ọ́n.”

Tilda, tí jáàmù kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ń wo ẹ̀bá igbó.

“Bàbá àgbà, ta ló ń tún wọn so yẹn?”

Gbogbo wọn yíjú. Atẹ́gùn ò fẹ́. Àwọn ẹ̀ka mẹ́rin ń mì, lọ́kọ̀ọ̀kan, bíi pé ẹnì kan ń ti orí ọ̀kan bọ́ sí èkejì. Òórùn ọtí kíkan dé ọ̀dọ̀ wọn.

“Jẹun, Tilda,” ni Karin sọ, jẹ́jẹ́.

Arvid bu kọfí sí ife karùn-ún. Ó gbé e síwájú àga tó ṣófo. Ara rẹ̀ balẹ̀, bí kò ṣe balẹ̀ láti ìgbà yìnyín. Nígbà tí wọ́n dìde, ife náà ti gbẹ.

Oṣù Kẹwàá la wà yìí. Òtútù ti pa agbọ́n. Arvid ò tíì ra ọtí kíkan. Kò tíì kó pàkúté sílẹ̀. Kò tíì tú aṣọ mẹ́rin náà. Kò tíì bi Karin ohun tó rí. Kò tíì fọ ife karùn-ún. Kò tíì ṣí agolo eérú tó wà lórí pẹpẹ.