Ẹni Tó Wà Lẹ́yìn Ògiri

Ẹni tó ń kan ògiri náà kò kàn án bí ẹni tó fẹ́ wọlé. Bí ẹni tó fẹ́ jáde ló ṣe ń kàn án.

Bíríkìlà gbọ́ ọ láti orí ibùsùn. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn ń ta lójú fèrèsé, síbẹ̀ eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. Iṣẹ́ ilé kan ló dá wá wò ní ìlú tí kò ti mọ ẹnì kankan, ni ibà bá ká a mọ́ yàrá tó gbà. Omi wà nínú ife lórí tábìlì, ọwọ́ rẹ̀ kò tó o. Òun fúnra rẹ̀ ló ti ilẹ̀kùn pa, torí ẹ̀rù ń bà á pé bí onílé bá mọ̀ pé aláìsàn lòun gbà sílé, yóò ní kó kó ẹrù rẹ̀ jáde. Nígbà tí obìnrin náà kànkùn láàárọ̀, ó rọ́jú dáhùn pé òun ń sinmi ni.

"Ìsinmi kí ni, Bàbá Bíríkìlà? Ẹni tó wá wo iṣẹ́ ló ń sùn bí ìyàwó ọ̀ṣìngín!" Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ní báyìí, kíkàn náà dúró. Ohùn kan ti inú ògiri wá, ó gbẹ, ó sì rẹlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀ yẹn."

Bíríkìlà fa aṣọ ìbora borí. Ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ láti kékeré pé a kì í dá ohùn tí a kò rí olóhùn rẹ̀ lóhùn.

"Ara mi ò yá. Mi ò ní ẹnì kankan níbí. Ẹ bá mi gbàdúrà."

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Òkú ń sunkún òkú, akáṣọlérí ń sunkún ara wọn! Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, òun alára kò gbàdúrà mọ́. Ó máa ń ní ẹni tí a bẹ̀ títí tí kò yíjú wò wá, kí la tún ń wá lọ́dọ̀ rẹ̀?

"Mi ò mọ̀ ọ́n gbà mọ́," ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù ló ń bà mí."

Irú ẹ̀rù yẹn gan-an ló jókòó lé òun náà láyà. Ó pa ojú dé. "Olúwa, ẹni yìí ò ní ẹnì kankan. Má jẹ̀ẹ́ kó kú sí ìdálẹ̀. Fi ènìyàn ràn án."

"Àmín." Lẹ́yìn náà, ohùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í kérora. "Omi..."

"Dúró dè mí!"

Bíríkìlà gbàgbé àìsàn tirẹ̀. Ó yí bọ́ sílẹ̀, ó wọ́ dé ẹnu ọ̀nà, ó yí kọ́kọ́rọ́. "Ìyá Onílé! Ẹ gbà wá o! Ẹni yàrá kejì ń kú lọ!" Ibẹ̀ ló dákú sí.

Nọ́ọ̀sì tí onílé sáré pè ní bí ilẹ̀kùn yẹn bá pẹ́ díẹ̀ sí i ní títì, òkú làwọn ì bá bá. Nígbà tí ara Bíríkìlà balẹ̀, tó lè dìde, ìbéèrè kan ló ń bi onílé ṣáá: "Ẹni yàrá kejì ńkọ́?"

Yẹ̀yẹ́ ti tán lẹ́nu obìnrin náà. Ó mú un yí ilé ká lọ sẹ́yìn ògiri náà. Kò sí yàrá kankan níbẹ̀. Ilẹ̀ gbalasa ni, òjìji ilé sì bò ó.

"Bóyá ibà ló dà mí lórí rú," Bíríkìlà wí.

"Ibà kọ́." Onílé rẹ ohùn sílẹ̀. "Bá a ṣe ń gbé yín, èmi àti nọ́ọ̀sì gbọ́ ẹni tó ń ṣe àmín. Ẹ̀yin ti dákú nígbà yẹn."

Bíríkìlà gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri náà. Oòrùn kì í dé ibẹ̀, síbẹ̀ ó gbóná janjan, ó sì ń làágùn. Ibà tòun ni, èyí tó fi òun sílẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n bí ẹní mọ aṣọ ara rẹ̀.

Onílé fà á lápá. "Ẹ gbé báàgì yín, Bàbá. Ẹ máa lọ bá àwọn èèyàn yín nílé."

"Ẹ bá mi wá àga kan."

"Àga kẹ̀? Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Ẹ ò gbọ́ ni? Ó ní òun ò ní ẹnì kankan."

Ó jókòó ti ògiri náà bí a ti ń jókòó ti aláìsàn, kò gbé ọwọ́ kúrò lára rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà.