Ẹ̀gbọ́n Kọ́ Ló Ń Pè

Lọ́jọ́ tí onígbàjámọ̀ wẹ ajá rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ télọ̀ wà nídìí ẹ̀rọ. Kò mọ̀ ju pé ọkọ òun wọlé, ó ń yún ẹ̀yìn orúnkún.

"Kí ló ṣe yín níbẹ̀?"

"Kòkòrò lásán ni. Mo ti já a dànù."

Kò bi í pé kòkòrò wo.

Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ara ọkùnrin náà gbóná bí irin ìlọṣọ. Orí ń fọ́ ọ, oríkèé ń ro ó. Ibà ni, ta ni kò mọ ibà? Ìyàwó ra oògùn ibà, ó lò ó tán, ara kò balẹ̀. Ó tún ra òmíràn. Ahọ́n ọkùnrin náà wá wúwo, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀: "Ẹ… gbọn."

"Ẹ̀gbọ́n yín lẹ fẹ́ rí?"

Ó mi orí. Ìyàwó rò pé ẹ̀fọ́rí ló ń dà á láàmú. Ó ránṣẹ́ pe ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, wọ́n sì ń retí rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ẹ̀gbọ́n dé, ó di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú. "Èmi rèé. Bí wàhálà bá dé ló ń pè mí. Bí ẹran bá jinná, kì í rántí mi."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Àmì pupa ti sú bo ọwọ́ àti ẹsẹ̀ aláìsàn. Ìgbà náà ni wọ́n tó gbé e lọ sílé ìwòsàn.

"Kí ló ń wí?" Dókítà ló béèrè.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń pè." Ìyàwó nawọ́ sí ẹ̀gbọ́n.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló dúró yìí. Kí ló dé tó ṣì ń pè é?" Dókítà tẹ etí sí i lẹ́nu. "Ṣé ẹ ní ajá nílé?" Ó yí ẹsẹ̀ náà padà, ó rí èépá dúdú kan lẹ́yìn orúnkún. "Eégbọn ló ń wí, ìyá. Ibà eégbọn yàtọ̀ sí ti ẹ̀fọn, oògùn ti ẹ̀fọn kò ràn án. Oògùn tó ń wò ó wà, kò sì ṣòroó rí, àmọ́ gbàrà tí ara bá gbóná ló yẹ kéèyàn bẹ̀rẹ̀ rẹ̀."

"A ò mọ̀ ni, Dókítà."

"Mo mọ̀ pé ẹ ò mọ̀."

Ìyàwó dúró tì í lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì. Oògùn ṣiṣẹ́, ẹ̀mí kò bọ́. Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ ti kọ̀ láti dé ìka mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀tún, wọ́n gé wọn. Ọwọ́ tó ń gẹ irun aráàlú kò lè di abẹ mú mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, bí eégbọn bá lẹ̀ mọ́ yín, ẹ má fi èékánná já a, ẹ má fi iná jó o, ẹ má da kẹrosíìnì lé e. Ẹ fi ẹ̀mú kékeré dì í mú lẹ́bàá awọ ara, ẹ rọra fà á jáde tààrà, kí ẹ fi ọṣẹ fọ ojú ibẹ̀. Ẹ sọ fún ará ilé yín, ẹ pe kòkòrò náà lórúkọ. Bí ara bá gbóná lẹ́yìn náà, ẹ gba ilé ìwòsàn lọ, kí ọ̀rọ̀ eégbọn jẹ́ àkọ́sọ yín, nígbà tí ahọ́n ṣì lè pè é.