Ìyàtọ̀ Owó Tí Lọ́yà Lọ Gbà

"Wọn ò tíì bí òǹtajà tó máa rẹ́ mi jẹ," ni Lọ́yà wí, ó gbé àyà síwájú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yà ní fọ́tò. "Bí wọ́n bá sì ti bí i, kò tíì mọ ìrìn."

Lọ́yà kò dé ilé ẹjọ́ rí. Alágbàfọ̀ ni. Àwọn oníbàárà ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, nítorí pé bó bá fi iná jó ẹ̀wù èèyàn, yóò rojọ́ títí tí ẹni tó ni ẹ̀wù yóò fi máa bẹ̀ ẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì yìí, owó méjì ló wà lápò rẹ̀. Ọ̀kan ni owó ẹ̀rọ ìfọṣọ, torí pé ògbólógbòó tó wà nílé ti daṣẹ́ sílẹ̀. Èkejì ni owó ìdánwò àṣekágbá ọmọ rẹ̀ obìnrin, ẹgbẹ̀rún méjìlá géérégé, tí ilé ìwé kò ní gbà mọ́ bí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà bá ti lù.

Ìyàwó rẹ̀ ń rán bọ́tìnnì mọ́ ẹ̀wù, kò gbójú sókè. "Bàbá wọn, mo ti rí ẹ̀rọ yẹn lọ́dọ̀ ọkùnrin oníṣọ́ọ̀bù ẹ̀yìn gáréèjì. Ó fi ẹgbẹ̀rún méjìlá dín sí ti ilé ìtajà ńlá. Ẹ lọ rà á níbẹ̀, ká rówó ọmọ san."

"Ìdí tí mo fi ní o ò mọ òwò nìyẹn. Ṣé o ò rí ohun tí wọ́n kọ gàdàgbà sára gíláàsì ilé ìtajà ńlá ni? 'Bí ẹ bá rí i ní owó tó kéré ju tiwa lọ, a ó dá ìyàtọ̀ rẹ̀ padà fún yín.' Màá ra ojúlówó níbi tí afẹ́fẹ́ tútù ti ń fẹ́. Màá gba ìyàtọ̀. Màá fi ìyàtọ̀ sanwó ọmọ."

"Owó tí ẹ máa gbà padà, ṣebí ẹ̀yin náà lẹ máa kọ́kọ́ san án lé e. Èrè wo ló wà níbẹ̀?"

"Èrè ọ̀wọ̀," ni Lọ́yà wí, ó sì jáde.

Ó san gbogbo owó sórí káńtà, tẹ̀rọ tìdánwò, kó tó lanu. Ọmọbìnrin orí káńtà ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́ láti ìgbà tó ti wọlé.

"Ẹ ṣeun gan-an, sà."

"Ó ku ìyàtọ̀. Ìyàwó mi rí i níbi tí wọ́n ti fi ẹgbẹ̀rún méjìlá dín."

Ẹ̀rín náà kúrò lójú ọmọ náà bí ìgbà tí wọ́n paná. "Ẹ̀rí dà?"

"Èmi ni ẹ̀rí."

"Ẹ̀yin kọ́, sà. Ìwé tí oníṣọ́ọ̀bù yẹn kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sí ni, pẹ̀lú ọjọ́ òní, iye owó àti nọ́ńbà ẹ̀rọ. Ọjà náà sì gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ lónìí. Ká ní ẹ mú un wá kí ẹ tó sanwó ni, à bá ti yẹ̀ ẹ́ wò."

"O ò sọ fún mi."

"Ẹ ò bi mí."

Ni Lọ́yà bá sáré lọ sẹ́yìn gáréèjì. Oníṣọ́ọ̀bù wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ìwé kí ni? Kí n kọ ọ́ fún ẹ, kí o fi lọ gbowó lọ́dọ̀ ẹlòmíì? Ọ̀gbẹ́ni, ẹ̀rọ nìyí. Owó mi dà?"

"Mo ti rà á níbòmíì."

"Lọ gbàwé níbòmíì nígbà náà."

Lọ́yà rojọ́ títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Nígbẹ̀yìn, ó fi owó ọkọ̀ rẹ̀ ra wáyà iná tí kò wúlò fún un kí ọkùnrin náà tó kọ ìwé, ó sì fẹsẹ̀ rìn padà.

Agogo mẹ́ta ti kọjá nígbà tó dé káńtà. Ọmọbìnrin náà gbé ìwé oníṣọ́ọ̀bù àti rìsíìtì tiwọn kalẹ̀, ó ń fi ìka tọ nọ́ńbà lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ̀rọ yìí kọ́, sà. Tiwa ní K nígbẹ̀yìn."

"K yẹn ló ń fọṣọ ni?"

"K dúró fún àwọ̀ ọwọ́ ìlẹ̀kùn rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é ń ṣe oní-K fún àwa nìkan."

"Ẹ̀yin nìkan. Kò sí ṣọ́ọ̀bù mìíràn tó ní i?"

"Kò sí, sà."

"Ta ni mo wá fẹ́ bá tó ń tà á ní owó tó kéré ju tiyín lọ?"

Ọmọ náà wo àjà.

Ibẹ̀ ni Lọ́yà ti bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ gan-an. Ó gun orí páálí ẹ̀rọ, ó ń ka ẹ̀sùn K létí gbogbo èrò. Àwọn èèyàn kóra jọ. Obìnrin kan dá ìkòkò tó fẹ́ rà padà sórí pẹpẹ. Máníjà sáré jáde, táì rẹ̀ ti lọ sẹ́yìn ọrùn.

"Ẹ sọ̀kalẹ̀, bàbá. A ó ṣe é fún yín, lónìí nìkan. Ẹ fọwọ́ síbí."

Lọ́yà fọwọ́ sí i débi pé bírò fẹ́rẹ̀ẹ́ ya ìwé. Ó jó ẹsẹ̀ méjì. Máníjà na káàdì kékeré kan tó ń dán sí i.

"Kí nìyí?"

"Ẹgbẹ̀rún méjìlá yín ló wà nínú rẹ̀. Ẹ lè fi ra ohunkóhun níbí láàárín ọgbọ̀n ọjọ́."

"Owó ni mo san fún yín."

"Káàdì la fi ń dá ìyàtọ̀ padà. Ó wà ní ìlà kẹsàn-án, nísàlẹ̀ ìwé."

"Ẹ gba ẹ̀rọ yín, ẹ kó owó mi wá."

"Ẹni tó bá ti gba ìyàtọ̀ kò lè dá ọjà padà mọ́. Ìlà kẹwàá nìyẹn. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí i ni."

Fóònù dún. Ìyàwó rẹ̀ ni, láti ilé ìwé. "Akọ̀wé ti ń palẹ̀ mọ́. Níbo lẹ dé?"

"Mo ti borí wọn."

"Owó dà?"

Lọ́yà yí káàdì náà síwá sẹ́yìn. "Ṣé wọ́n ń gba káàdì ilé ìtajà níbẹ̀?"

Ohun tí Lọ́yà gbọ́ nínú fóònù ni fèrèsé akọ̀wé tó ń padé.

Nígbà tó délé, ọmọ rẹ̀ jókòó láàárín aṣọ àwọn oníbàárà, ó ń ká wọn. Ìyàwó dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Èmi ni mi ò mọ òwò," ló wí. "Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ ti fi ọdún kan ọmọ yìí ra K."

"Olè ni wọ́n."

"Wọ́n kọ olè wọn sínú ìwé. Ẹ̀yin ni ẹ ò kà á."

Lọ́yà tí ẹjọ́ kì í tán lẹ́nu rẹ̀ yọ ìwé náà lápò, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń ka ìlà kẹsàn-án.

Ẹ̀yin òǹkàwé, gbogbo ìlérí ara gíláàsì kọ́ ni irọ́, ṣùgbọ́n lẹ́tà wẹ́wẹ́ ìsàlẹ̀ ìwé ló máa ń sọ ibi tó mọ. Ẹ kà á kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ fi nọ́ńbà ẹ̀rọ méjèèjì wéra dé orí lẹ́tà tó gbẹ̀yìn. Ẹ béèrè bóyá owó ni wọn yóò dá padà tàbí káàdì, àti irú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ń gba ìwé rẹ̀. Ẹ mú ìwé iye owó dání lọ, kí wọ́n yọ ìyàtọ̀ náà kúrò kí ẹ tó sanwó. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ lọ ra ọjà yín níbi tí owó rẹ̀ ti kéré, kí ẹ sì máa lọ sílé yín. Owó tó bá ti ní iṣẹ́ tirẹ̀, ẹ jẹ́ kó lọ ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ná.

Lọ́yà kúnlẹ̀ síwájú ọmọ rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú.

"Ojú ìyá ẹ ni mo ti ń sọ ọ́. Lọ́dún tó ń bọ̀, kí n tó ra abẹ́rẹ́ pàápàá, owó ìdánwò ẹ ni màá kọ́kọ́ san. Ẹgbẹ̀rún méjìlá, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

Ọmọ náà rọra fa ọwọ́ rẹ̀ yọ, ó ká ṣòkòtò tó kàn sí méjì.

"Wọ́n á ti fowó lé e nígbà yẹn," ló wí.